Ọjọ́ Kìíní, Kí A Tó Rí Òkun

Mọ́tò yìí kì í ṣe tiwa. Ti àna mi ni,
Toyota àtijọ́ tí ilẹ̀kùn ọ̀tún rẹ̀ kì í ṣí láti inú,
tí mo ní láti nawọ́ gba ojú fèrèsé
bí olè tó ń ja ilé ara rẹ̀
kí n tó lè sọ̀ kalẹ̀.

Estelí la ti gbéra, àkùkọ kò tíì kọ.
Heriberto ti kọ orúkọ etíkun méje
sínú ìwé ìṣirò ọmọ wa,
ó fi rúlà fa ìlà sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan:
wákàtí tí a ó dé, wákàtí tí a ó kúrò,
àfi bí ẹni pé òkun ń gbọ́ agogo.

Ọdún mọ́kànlá rèé tí a ti fẹ́ra.
Owó tí à bá fi wá nígbà náà,
òrùlé ìyá rẹ̀ ló gbé e mì.
Lẹ́yìn náà, oyún.
Lẹ́yìn náà, ọdún tí ewé tábà rà lóko,
tí èmi tí mò ń wé sìgá
jókòó sílé, tí mò ń wé afẹ́fẹ́.

Bí òkè ṣe ń rẹlẹ̀ ni etí wa ń dí, tó ń là.
Ní San Isidro, mo bọ́ súwẹ́tà.
Ní Malpaisillo, mo bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀.
Heriberto ní, “Yanira, rọra o,
León ṣì wà níwájú.”
Òkè Telica ń rú èéfín díẹ̀díẹ̀
bí arúgbó tó ń fa ìkòkò lẹ́yìnkùlé,
tí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni kò kàn.

Ibẹ̀ ni táyà ti bẹ́.
Èyí tó wà lẹ́yìn mọ́tò
rọ̀ bí ẹ̀kọ àná.

Ìyá kan tó ń ta kajú lẹ́bàá ọ̀nà, Eusebia,
rán ọmọ rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, táyà lọ́rùn rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀,
ó ní ká jókòó. A jókòó.
Oòrùn kúrò lórí wa, ó lọ, kò padà.
Mo bi í bóyá òkun jìnnà síbí.
Ó ní wákàtí kan, bí ọ̀nà bá dá.
Ó ní òun kò débẹ̀ mọ́
láti ọdún tí omi gbé ọkọ̀ Marcial lọ.
Kò sọ ẹni tí Marcial jẹ́.
A kò bèèrè.
Ó tún kó kajú lé wa lọ́wọ́, kò gbowó rẹ̀.

Heriberto mú pẹ́ńsùlù,
ó fi rọ́bà ìdí rẹ̀ pa wákàtí rẹ́,
ọ̀kan, èkejì, títí ojú ìwé fi fẹ́ lu.
Mo rò pé inú yóò bí i.
Ṣùgbọ́n ó ge kajú jẹ, omi rẹ̀ ṣàn dé ìgúnpá,
ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ
tí ilé-ìwé tú sílẹ̀ láìpé àkókò.

Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó dé Poneloya.
Iná ti lọ ní gbogbo ìlú.
Ẹyẹ òfú tó wà nínú kàlẹ́ńdà ilé iṣẹ́ wa,
mi ò rí ìkankan; wọ́n á ti sùn.
Iyanrìn ibẹ̀ dúdú, òru náà dúdú,
n kò mọ ibi tí ọ̀kan ti fi ilẹ̀ lé èkejì lọ́wọ́.
Mo gbọ́ ariwo kan, mo ní,
“Irú tírélà wo ló ń bọ̀ yìí?”
Heriberto pa iná mọ́tò. Ó dákẹ́ pẹ́.
Ó ní, “Òun nìyẹn.”

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbàgbé mi sínú ọkọ̀.
Síńgílẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ nìkan ni mò ń rí,
ó ń lọ, ó ń kéré,
lójijì ó fò sókè, ó ké orúkọ mi
bí ẹni tí ẹnìkan fọwọ́ kàn lẹ́sẹ̀ nínú òkùnkùn.

Mo nawọ́ gba ojú fèrèsé.
Mo wá ọwọ́ ilẹ̀kùn náà títí.
Nígbà tí mo fi ìka kan ètè,
tábà ṣì wà níbẹ̀,
iyọ̀ sì ti dé.