Èwo Nínú Wọn?

Bọ́ọ̀sì aago méje ààbọ̀ ló gbé wa kúrò ní Bọ́líntọ̀n,
èmi àti Zumreta. A ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ òru ni,
òórùn ọṣẹ ilé àwọn arúgbó ṣì wà lọ́wọ́ wa.
Ó di búrẹ́dì àti wàràkàṣì sínú aṣọ ìnuwọ́,
èmi gbé ẹ̀pà sísun sínú ike.
“Níbo là ń lọ gan-an?”
“Olú-ìlú,” ló wí. “Ọdún mọ́kànlá tí mo ti wà ní Fámọ́ǹtì,
n kò tíì fojú kàn án.”

Mo ti rò pé ohun aláriwo ni olú-ìlú.
Mọ́ńpílíà dákẹ́
bí ọmọ tí wọ́n ní kó má fọhùn níwájú àlejò.
Ẹ̀pà ìkúnwọ́ kan ni mo jẹ
tí mo fi rin títì rẹ̀ já.
Mo rẹ́rìn-ín. Zumreta ò rẹ́rìn-ín.
Kékeré labẹ́rẹ́. N kò sọ ìyókù.

Wúrà ni òrùlé ilé ìjọba wọn,
igbó òkè sì yọrí lẹ́yìn rẹ̀
bí ará àdúgbò tó wá yọjú wo àwọn aṣòfin.
Obìnrin onígi kan dúró lórí wúrà náà,
Iṣẹ́ Àgbẹ̀ lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́.
Mo kí i bí a ṣe ń kí àgbẹ̀ nílé wa:
“Àroko bọ́dún dé o!”
Kò dáhùn. Ó lè jẹ́ pé òtútù ló mú un.

Ẹnikẹ́ni ò gba owó lọ́wọ́ wa lẹ́nu ọ̀nà.
Ẹnikẹ́ni ò bèèrè ìwé wa.
(Mo ti fọwọ́ kan tèmi nínú báàgì lẹ́ẹ̀mẹta.)
Bàbá kan tí táì rẹ̀ wọ́ tẹ̀ba, ó nàka sílẹ̀:
ìgbín kan wà nínú òkúta dúdú tí a dúró lé,
ó ká kóńkó, òun fúnra rẹ̀ ti di òkúta,
ó ti ń lọ sáwọn ìpàdé kí ìjọba kankan tó wà.
Zumreta gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, ó ní,
“Jọ̀ọ́, má bínú.”

Lẹ́bàá odò, obìnrin kan tó ń ta ìwé
fi àtẹ́lẹwọ́ kan àyà ara rẹ̀:
“Ibí ni omi dé.”
Gbogbo ìwé rẹ̀ di ẹ̀kọ mímu lóru ọjọ́ kan.
Mo ra káàdì kan. N kò mọ ẹni tí n ó fi ránṣẹ́ sí.

A wá gun òkè lọ síbi ilé gogoro olókùúta.
Orí rẹ̀ rí ṣágiṣàgi, bí eyín àgbàlagbà.
Àkọlé wà níbẹ̀: wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ni,
kó lè jọ ahoro.
Zumreta kà á. Ó tún un kà.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lórí àtẹ̀gùn.

“Ní Podgorica,” ló wí, “olú-ìlú táwọn àlejò
kàn ń sùn mọ́jú nínú rẹ̀ kí wọ́n tó kọjá sétí òkun,
ilé aago kan ló ṣẹ́ kù fún wa,
àti afárá kékeré níbi tí odò méjì ti pàdé,
ibẹ̀ ni bàbá mi ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wẹ odò.
Bọ́ǹbù ló kó ìyókù, kí wọ́n tó bí ìyá mi.
A ò bẹ birikìlà kankan lọ́wẹ̀
ká tó ní ahoro.”

Ó bu wàràkàṣì fún mi. “Ìlú tiyín ńkọ́?”
Mo rántí gbọ̀ngàn ìlú wa:
ìwé kẹrin ni mo wà tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀,
wọ́n pa màlúù, wọ́n ya fọ́tò.
Ewúrẹ́ ló ń ṣe ìpàdé níbẹ̀ báyìí.
“Tiwa,” ni mo wí, “di ahoro kí ó tó di ilé.”
Afẹ́fẹ́ gbé èèpo ẹ̀pà lọ́wọ́ mi,
ó fọ́n ọn ka orí olú-ìlú wọn.

Ní alẹ́, nígbà tí mò ń tún ìrọ̀rí Ìyá Thibault ṣe,
ó ní ojú mi pọ́n, níbo ni mo lọ dípò kí n sùn?
“Èmi àti Zumreta lọ wo olú-ìlú.”
Ó la ojú kan.
“Èwo nínú wọn?”