Ẹ̀yìn Ìwé, Ẹ̀yìn Mi

Ọdún kọkànlá rèé tí ìbàdí ti ń jẹ mí níyà.
Ní Ṣómólú, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í sùn,
ẹ̀yìn ìwé ni mò ń lẹ̀:
ìwé orin ìjọ, ìwé ìṣirò àwọn ọmọ iléèwé,
ètò ìsìnkú alàgbà tí n kò mọ̀ rí.
Mo fa gọ́ọ̀mù, mo tẹ̀ ẹ́ pa, mo tún bẹ̀rẹ̀ gbé òmíràn.
Ẹ̀yìn tèmi ni kò rí ẹni tó máa lẹ̀ ẹ́.

Bí mo bá dín owó fún oníbàárà, á ní,
"Màmá, ẹ̀yìn yín á dára."
Mo máa ń ṣe àmín, mo sì máa ń rẹ́rìn-ín sínú:
ẹ̀yìn wo lẹ ń wí,
ti ọ̀la ni, àbí èyí tí mo fi pọn ọmọ mẹ́rin?

Ní Ìgbóbì, ọmọbìnrin tó ń bá wa na eegun,
Mojírádé, tí ọwọ́ rẹ̀ tutù bí àmù,
ní kí n máa dùbúlẹ̀, kí n gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí,
kí n máa gbọ́ orin fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lálaalẹ́.
"Irú orin wo lẹ fẹ́ràn?"
Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi,
wọ́n ti bi mí pé èló ni ẹgbẹ̀rún ìwé,
wọ́n ti bi mí pé bàbá àwọn ọmọ dà,
ẹnìkan kò bi mí léèrè orin rí.

Ó fi dùùrù kan sórí fóònù mi,
dùùrù àwọn tí kò gbé bébà rí.
Ó ń dún bí omi ẹ̀rọ tó ń kán nílé ẹlòmíràn.
Ìrora gbọ́ ọ, ó yíra padà, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Alẹ́ ọjọ́ kẹrin, iná lọ, fóònù kú.
Mo nà sórí ẹní, ẹsẹ̀ lókè,
bí adìyẹ tó ń retí omi gbígbóná.
Ni Oyèwùmí, ọmọ yàrá tó kọjú sí tèmi,
bá fa fèrè idẹ ẹgbẹ́ Bìrìgéèdì yọ.
Orin ìjọ ni, èyí tí mo ti lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ láìmọye ìgbà
láì ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.
Ohùn àkọ́kọ́, geere. Ìkejì, geere.
Ìkẹta gun àkàbà.
Ìkẹrin já bọ́, pàà, bí àwo ìrẹsì lọ́wọ́ ọmọdé.
Ó tún un mú láti ìbẹ̀rẹ̀.
Mo di èémí mú dè é.
Ó dé ìkẹrin. Ó já bọ́.
Mo tú èémí sílẹ̀, mo bú sẹ́rìn-ín,
ẹ̀rín náà gba ọ̀pá ẹ̀yìn mi sọ̀kalẹ̀,
ó lọ kan ilẹ̀kùn ibi líle yẹn.
Nígbà tí mo máa rántí bojú wo aago,
ogójì ìṣẹ́jú ti kọjá, n kò tíì kérora.

Kì í ṣe pé ìrora lọ o. N kò ní parọ́ fún yín.
Ó kàn sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó fún mi láyè,
àwa méjèèjì jọ ń retí ohùn kẹrin.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a bọ̀ láti òjò dé ọyẹ́.
Láàárọ̀ Mọ́ńdè kan mo dìde láì di ògiri mú,
mo gbé rìímù bébà kan. Ọ̀kan péré.
N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lánàá, ọmọ náà mú un.
Ohùn kẹrin dúró, ó mọ́, ó gùn,
ajá àdúgbò pàápàá dákẹ́.
Àwọn ará ilé pàtẹ́wọ́ láti ojú fèrèsé.
Èmi nìkan ni mo dùbúlẹ̀
tí n kò mọ ohun tí n ó máa retí mọ́.
Mo ké sí i nínú òkùnkùn:
"Oyè, o káre. Òmíràn ńkọ́?
Mú èyí tó le jùyẹn lọ."