Aago Mélòó Ló Lù?

Láti ọjọ́ Ajé ni ọkọ mi ti ń di ẹlòmíràn nínú yàrá.
Ó ti di baba arúgbó kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè,
ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì bí ẹni pé irin ni wọ́n fi ṣe é,
ó ní kí n má pe òun ní Oyèníran mọ́ títí di Àbámẹ́ta.
Ó yá bàtà lọ́wọ́ aránbàtà kan nísàlẹ̀ òkè Mápó,
bàtà olóògbé tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò padà wá gbà.
Ó ní bàtà yẹn mọ ọ̀nà ju òun lọ.

Èmi ni mo ń rán bùbá tí yóò wọ̀.
Mo gé ọrùn rẹ̀ tóbi díẹ̀,
nítorí ẹni tí ìbànújẹ́ ń bọ̀ wá bá,
aṣọ a máa tóbi jù ú kó tó dé.

Ibi tó há a ni ìran kẹta.
Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yóò wọlé, yóò ṣí fìlà,
yóò ní, "Baba, ẹ jókòó."
Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí ire kan
tí wọ́n máa ń ní ká jókòó ká tó gbọ́.

Ó gbìyànjú igbe. Ìyá Ṣàkírù kan ilẹ̀kùn gbàgbàgbà,
ó mú ife omi dání.
Mo ní, "Eré ni, Màmá, eré ni."
Ó ní, "Eré wo ló ń han báyìí?"
Ó gbìyànjú ìṣubú, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbá àga.
Ó dúró níwájú dígí, ó ń pe omijé,
ó ní ojú ọ̀tún máa ń tètè jẹ́ ìpè,
òsì ló ya ọ̀lẹ.

Mo tẹ ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ ń lọ, abẹ́rẹ́ ń bọ̀.
Mo fẹ́ dákẹ́. Ẹnu mi ni kò gbà.

"Oyèníran — má bínú, Baba —
bí o ṣe ṣe é kọ́ nìyẹn."
Ó yíjú. Ẹsẹ̀ òsì gbàgbé láti wọ́.
"Ní Adéọ̀yọ́, lóru ọjọ́ náà,
nígbà tí nọ́ọ̀sì jáde sí wa,
o ò ké. O ò ṣubú.
O yọ fọ́nrán òwú kan léjìká rẹ̀
bí ẹni ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ,
o wá bi í pé, 'Aago mélòó ló lù?'
Ó dá ọ lóhùn. O dúpẹ́.
O gbé fúláàsì wa, a fẹsẹ̀ rìn wálé ní Yemẹtu,
ògì Tiwalọlá ṣì gbóná nínú rẹ̀."

Iná lọ.
Nínú òkùnkùn, mo gbọ́ tó bọ́ bàtà olóògbé.
Ọdún mẹ́sàn-án ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wà láàárín wa
bí àga tí a kì í jókòó lé, tí a kì í sì í gbé kúrò.
Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀: "Ṣé mo lè lò ó?"
bí ẹni ń tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ ará ilé kejì.
N kò rántí ohun tí mo sọ dáadáa.
Mo rò pé mo ní, "Ọmọ àwa méjèèjì ni."

Àbámẹ́ta. Gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ní Agodi,
fáànù méjì ń yí, ọ̀kan ń ráhùn.
Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣí fìlà. Ó ní, "Baba, ẹ jókòó."
Kò jókòó.
Ó yọ fọ́nrán òwú kan léjìká ọmọ náà
(òwú mi ni, èmi náà ni mo rán tirẹ̀)
ó ní jẹ́jẹ́, "Aago mélòó ló lù?"

Ọmọ náà gbàgbé ohun tó kàn.
Ẹni tó ń darí eré gbọ́wọ́ sókè, kò gbé e wálẹ̀.
Láti ìjókòó ẹ̀yìn, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ láyà aṣọ mi,
ẹnu mi ló là:
"Mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Ó ní, "Ẹ ṣeun."
Ibi tí mo wà jìnnà, ṣùgbọ́n mo rí i.
Ojú òsì ló kọ́kọ́ jẹ́ ìpè.