Àwọ̀ Páànù

Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti ń jókòó níwájú rẹ̀,
ṣẹ́ẹ̀dì ìfọkùsà lẹ́yìn odò, lọ́nà oko Ìsánlú.
Mo gbé pátákó lé orí àpáta,
mo da ọ̀dà sínú ìdérí garawa,
mo ń wá pupa tó lè pe ìpẹtà lórúkọ.
Pupa inú agolo ń pariwo jù.
Mo bu erùpẹ̀ ibẹ̀ gan-an, mo fi òróró pò ó.
Ó gbà.

Òrùlé ti dá lu bí ajere.
Igi ọ̀pọ̀tọ́ kan ti la àárín asẹ́ ńlá já sókè.
Alángbá ló wà nípò máníjà báyìí,
ó ń mi orí sí ẹ̀bẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́.
Àwọn oníkóńdẹ́mù ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára ẹ̀rọ:
wọ́n ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.
Mo ya nọ́ńbà náà mọ́ ọn.

Bàbá Ìbítóyè ń ti oko ẹ̀gẹ́ bọ̀, àdá lábíyá.
“Ọ̀kun o.”
“Ọ̀kun, bàbá.”
Ó wo àwòrán, ó wo ṣẹ́ẹ̀dì, ó tún wo àwòrán.
“O yà á dáadáa. Ṣùgbọ́n irọ́ ni.”

“Ohun tójú mi rí ni mo yà.”

“Ojú rẹ dé lẹ́yìn tí wọ́n ti palẹ̀ mọ́.
Páànù yìí ń kọ mànà nígbà náà, ẹyẹ ò lè bà á lọ́sàn-án.
Fèrè á dún láàárọ̀, aboyún á ta gìrì.
Omi dé itan wa, à ń fọ òkúta dúdú
tí a ò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe.
Wọ́n ní ó ń lọ sílùú òkèèrè.
Èmi ò tíì dé Ìlọrin.”

Ó na àdá síbi tí koríko ti kún.
“Ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ ti ya lu Dáúdù.
O ò yà á.”

Kí ni mo fẹ́ fi ya ẹni tí n ò rí?
Ó tẹ̀ mọ́ àwòrán, ó gbóòórùn rẹ̀,
ó ní òróró lásán ni, kò rùn bí ẹrẹ̀.
Ó fi àdá há abíyá, ó ń lọ ilé.

Ilẹ̀ ti ń ṣú kí n tó tún búrọ́ọ̀ṣì mú.
N ò fọwọ́ kan páànù.
Ìdí koríko kan ṣoṣo ni mo tún yà:
mo tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀,
bí ìgbà tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀.