Ẹrù Tí Mo Gbé Lọ Sétí Adágún

Ọdún méjì gbáko ni mo fi tọ́jú owó,
owó iṣẹ́ òru nílé ìwòsàn Kuopio,
kí èmi náà lè lo ọjọ́ méje nínú ahéré onípákó
létí adágún, lásìkò tí oòrùn kì í fẹ́ẹ́ wọ̀,
tí òru ń funfun bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì.
Mo di aṣọ ìwẹ̀, mo di ìwé mẹ́ta,
mo di fìlà tí etí rẹ̀ gbòòrò.
Wọ́n ní òkèèrè la ti ń wo igi gogoro
kó má baà gún ni lójú.
Èmi gbé tèmi dání láti ilé.

Òjò ti débẹ̀ ṣáájú wa.
Ọjọ́ kìíní, mo ní, "Yóò dá."
Ọjọ́ kejì, mo ka iye tí a san,
mo pín in sí ọjọ́, mo pín in sí wákàtí,
mo mọ iye tí ẹ̀kán òjò kọ̀ọ̀kan ń jẹ lápò mi.
Ẹ̀fọn wọlé. Búrẹ́dì bu.
Àga kan wà tó ń ké bí a bá ti jókòó lé e.
Raimo ọkọ mi ní kí n yára wá wo ẹyẹ kan.
Mo ní ṣé ẹyẹ ni yóò dá owó mi padà?

Hilkka, àbúrò ìyá mi, bá wa lọ,
ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin,
tó fi ọgbọ̀n ọdún lọ aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn.
Ó gbé garawa síta, ó gbe omi òjò,
ó ní kò sí omi tó mọ irun í fọ̀ bíi tirẹ̀.
Ó fọ irun. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà,
ó ń gbọ́ òjò lórí páánù
bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn ọmọ tó rìnnà jìn.
"Orvokki," ó ní, "òjò yìí ò mọ̀ pé o sanwó."

Alẹ́ àjọ̀dún, igi iná ti rin gbindin.
Àwọn ọkùnrin da epo sí i, èéfín nìkan ló sọ.
Àwọn ọmọdé bú sẹ́kún.
Hilkka ń pàtẹ́wọ́ fún èéfín:
"Ẹ wò ó, ó ti ń sọdá, ó ń lọ kí ará òdìkejì!"
Inú ilé ni mo ti ń wò wọ́n,
láti ojú fèrèsé tí mo kọ̀ láti nù.

Mi ò ní purọ́ fún yín, mi ò yí padà lọ́jọ́ náà.
Ọjọ́ kẹfà, oòrùn là, adágún ń dán bí àwo tuntun,
mo sì bínú sí oòrùn
pé níbo ló wà látọjọ́ yìí.

Ó di Oṣù Kọkànlá. Aago mẹ́ta, ilẹ̀ ti ṣú.
Yìnyín ti di ẹrẹ̀ lẹ́bàá títì,
bọ́ọ̀sì pẹ́, bàtà mi ń mu omi,
mo ń gbé oògùn orúnkún Hilkka lọ fún un.
Mo bá aṣọ funfun lórí tábìlì,
ife olómi wúrà méjì, àbẹ́là kan tó ń jó.
Mo ní, "Àlejò wo lẹ ń retí?"
Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè náà yé.
"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun mà ni," ló wí.

A mu kọfí. Kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n kankan.
Orúnkún ń dùn ún, ó sọ bẹ́ẹ̀,
ó tún bu ṣúgà sí i.

Nígbà tí mo délé, mi ò tíì bọ́ bàtà
tí mo bi Raimo pé, ẹyẹ wo ni?
Ó ronú títí. "Èyí tọjọ́sí?
Ọrùn rẹ̀ dúdú," ó ní,
"ó pọn ọmọ méjì sẹ́yìn nínú òjò,
ó ń wẹ̀ lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́."
Mo ní kó tún un sọ.