Abèèrè Ọ̀nà ní Ìṣarà

Ọnà ni wọ́n fi ń sọ wá nílé wa,
Ọnàfúwà, Ọnàbọ́lú, Ọnàfówókàn,
ọnà ti agbẹ́gilére, kì í ṣe ọ̀nà tí à ń rìn.
Àmọ́ èmi, ọ̀nà ni mo ń tún ṣe jẹun,
ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà, tí kò ní eruku,
láti orí òrùlé kan dé òmíràn ní Ìṣarà Rẹ́mọ.

Rédíò mọ́kànlá ni mo so rọ̀:
ọ̀kan lórí ilé tí Ìyá Ṣótádé ń kó obì gbànja sí,
ọ̀kan nílé ìwé, ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù oògùn,
ọ̀kan níbi tí Nọ́ọ̀sì Odùnúgà ti ń ṣiṣẹ́ òru.
Kò sí ọ̀gá láàárín wọn.
Kálukú ń bi aládùúgbò rẹ̀:
"Òpó ńlá ọ̀nà Òde, ibo ni mo lè gbà débẹ̀?"
Aládùúgbò á ní, "Gba ọ̀dọ̀ mi. Kò jìnnà."
Ọkàn mi balẹ̀. Ṣebí wọ́n ní
abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Òjò oṣù Agẹmọ dé lóru ọjọ́ Àìkú kan.
Ilé ìwé ló ń wo òpó ńlá lójú kòròkòrò;
atẹ́gùn gbá a lójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò rí i mọ́.
Ó yíjú sí ṣọ́ọ̀bù oògùn: "Ṣé o mọ ọ̀nà?"
"Mo mọ̀ ọ́n. Ìṣísẹ̀ méjì ni."
Kò purọ́. Kò sì sọ òótọ́.
Ta ló júwe rẹ̀ fún un?
Ilé ìwé yìí kan náà ni, lánàá, kí òjò tó ṣú.

Ilé ìwé fi ọ̀kan kún un, ó ní mẹ́ta.
Ṣọ́ọ̀bù gbọ́, ó ní á jẹ́ pé mẹ́rin ni tòun.
Ó di márùn-ún, ó di mẹ́tàdínlógún,
wọ́n ń wọn ọ̀nà tí kò sí.

Aago méjì òru, fíríìjì àjẹsára dákú.
Nọ́ọ̀sì kọ̀wé sí Òde: ẹ gbé yìnyín wá.
Ìwé dé ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀bù jù ú sílé ìwé,
ilé ìwé jù ú padà,
bí ọmọ tí bàbá rán sí ìyá
tí ìyá tún rán padà sí bàbá.
Ìgbà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mo fún ìwé kọ̀ọ̀kan láti fò.
Nígbà tó pé, ó kú sáàárín òrùlé méjì.

Ilẹ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì kò bú mi.
Ó gbé páálí kan ka iwájú mi:
"Ọnàfúwà, kà á."
Mo kà á. Ọgọ́rin abẹ́rẹ́, gbogbo rẹ̀ ti gbóná.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gun òrùlé,
gààrí tútù nínú, àkàbà léjìká.
Mo kọ ọ́ sínú orí wọn:
ẹni tó júwe ọ̀nà fún ọ, má júwe rẹ̀ padà fún un.
Bí o bá ti kéde rí pé ìṣísẹ̀ kan ló kù ọ́ kù,
má tẹ̀ lé ẹni tó ní méjì,
bó ti wù kí àìrọ́nà dùn ọ́ tó;
ó lè jẹ́ ẹ̀yìn rẹ gan-an ló tò sí.
Dákẹ́, kí o ránṣẹ́ sí òpó ńlá.
Òun nìkan ló ń ka òǹkà tuntun;
bó bá ti pe mọ́kànlélógójì,
ìròyìn ogójì ti di àlọ́.

(Èmi náà bi Ẹ̀gbọ́n Ṣónẹ́yẹ níbi tí ilẹ̀ baba wa parí sí.
Ó ní, "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo sọ fún mi ni?")

Òjò tún rọ̀ lóṣù tó kọjá. Ilé ìwé tún fọ́jú.
Fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án, kò sẹ́ni tó lóun mọ̀nà.
Ẹ̀rù bà mí nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn.
Lẹ́yìn náà ni ìwé Nọ́ọ̀sì gba orí obì Ìyá Ṣótádé,
ìṣísẹ̀ márùn-ún gbáko, ó yọ sí Òde.

Páálí ọjọ́sí ṣì wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀.
Mi ò bèèrè ìdí.