Yàrá Kẹrìnlá, Alágbàkà

Kí o tó ṣílẹ̀kùn ni òórùn rẹ̀ ti ń kí ọ:
ìwé gbígbó, ìtọ̀ èkúté, òjò èṣí.
Fáìlì jókòó lé fáìlì lórí
bí èrò inú ọkọ̀ Ìdànrè lọ́jọ́ ọjà,
okùn pupa lọ́rùn, eruku lójú.

Ibẹ̀ ni Baba Akínmọ́ládùn ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Kò kọ ibi tí ohunkóhun wà sílẹ̀.
Ìwọ ṣáà dárúkọ;
á dijú, á máa fi ìka ka afẹ́fẹ́:
"Ìlà kẹta, lábẹ́ fèrèsé, èyí tí ikán jẹ létí."
Ibẹ̀ gan-an la ó ti bá a.
À ń pàtẹ́wọ́ fún un.
Ẹ̀rù ni ìbá ti máa bà wá.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kó kọ́kọ́rọ́ lé wa lọ́wọ́,
ó sì gbé orí rẹ̀ lọ sílé.

Tíṣà Jọláadé ti Ọ̀wọ̀ kọ́kọ́ wá láàárín ọyẹ́.
Ó tún wá nígbà tí àgbàdo yọ irun.
Nígbà keje, ọ̀pá ló fi ń tẹ̀lẹ̀,
àpò ọ̀rá kan lábẹ́ abíyá,
lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ nínú rẹ̀,
ó ti já sí mẹ́rin lójú ibi tí wọ́n ká a.
Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní á-bí-dí.
"Ẹ lọ, ẹ padà wá, màmá. A ò rí fáìlì yín."
Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní purọ́.
Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni mo sọ ọ́,
mo sì jẹ oúnjẹ ọ̀sán mi lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó kọ̀ǹpútà mẹ́jọ dé,
pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń ya ojú ìwé bí ẹni ya fọ́tò.
Ìbídùn, àgùnbánirọ̀, fi aṣọ di imú,
ó ń tú ewé ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan
bí ìyá tí ń wá iná lórí ọmọ.
Ní oṣù kẹta ló kan Tíṣà Jọláadé,
láàárín ìwé àwọn lọ́rì tí ìjọba tà lọ́dún 1984.
Ta ló fi í síbẹ̀?
Gbogbo wa wo àjà.

Màmá fi awò sójú, ó ka ojú ẹ̀rọ.
Ìlú abínibí: Owo.
Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀.
"Ẹ ní láti Owó ni mo ti wá?
Owó náà mà ni mi ò tíì rí!"
Ó fa báírò pupa yọ,
díẹ̀ ló kù kó fi àmì sórí gíláàsì.
Ìbídùn dì í lọ́wọ́ mú, ó wá àmì náà lára bọ́tìnnì,
ohùn ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àmì abẹ́ lẹ́ẹ̀mejì:
Ọ̀wọ̀.
Ìlú padà sí àyè rẹ̀.

Iná lọ.
A dákẹ́ títí jẹnẹrétọ̀ fi wúkọ́ tán.
"Ṣó ṣì wà níbẹ̀?"
Ó wà. Ẹ̀dà kejì sì wà ní Oǹdó.
Orí Baba Akínmọ́ládùn kò ní ẹ̀dà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá bèèrè ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ aṣínà,
Ìbídùn ní, "Èmi nìkan ni, sà,"
ó sì dijú díẹ̀, bí ẹni tó ń rántí.
Ara mi ṣe gìrì: mo ti rí ojú dídì yẹn rí.
Oṣù kẹwàá ni yóò parí ìsìnrúùlú.

Mo fa ìwé kan yọ, ìwé lásán.
Báírò màmá ṣì wà lórí tábìlì.
A ó tì í mọ́ inú àpótí irin, èèyàn mẹ́ta ni yóò fọwọ́ sí i.
"Ó yá, pè é," mo wí fún un,
"jẹ́jẹ́, tàmì-tàmì."